Àlejò Lórí Pátákó

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ti kú, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń tàn. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Àǹtí Má-Fọwọ́-Kàn-án lẹ́yìn, wọ́n rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. Kò dùn mí. Ká ní wọ́n ń ṣe bí orúkọ náà ṣe wí ni, gbogbo kọ̀ǹpútà yẹn ni ìbá máa tàn.

Nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá-àgbà, ìyẹn obìnrin tó ń darí ilé ìwé wa, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní pátákó tirẹ̀ lórí ayélujára. Ojú ewé gbalasa kan ni pátákó náà. Gbogbo ọmọ kíláàsì lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú bébà kékeré aláwọ̀ ìyeyè, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí àwọn yòókù kà á, kí wọ́n sì fèsì. Àlẹ̀mọ́ la ń pe bébà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bébà níbẹ̀, kò sì sí gọ́ọ̀mù. Ọ̀gá-àgbà ní èmi ni kí n kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí n kọ́ àwọn tíṣà náà.

Àwọn ọmọ gbà á lọ́wọ́ mi láàárín wákàtí kan. Ní kíláàsì kẹrin, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ pátákó ni 'Ebi ń pa mí', ọmọ mẹ́rìnlá sì fèsì pé ebi ń pa àwọn náà. Ẹlẹ́fẹ̀ ló kọ ọ́, ọmọkùnrin tó ń pa kíláàsì yẹn lẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kì í kà sí i lọ́rùn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo tẹnu mọ́ fún wọn títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi ni pé kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun, nítorí pátákó yẹn kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá ti kọ orúkọ, Àlejò ni yóò pè é.

Àwọn tíṣà gba ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ mi sì ru. Ẹni tí mo rò pé ó yé jù nínú wọn ni tíṣà jọ́gíráfì, tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní Bàbá Máàpù. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Ó ti há orúkọ àwọn odò ayé sórí débi pé bí o bá jí i lójú oorun, yóò kà wọ́n fún ọ láìsinmi. Òun náà ló ń bójú tó kíláàsì kẹrin, òun ló sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ àkọ́kọ́ láràárọ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti bá Bàbá Máàpù ṣiṣẹ́ rí ló mọ ìṣe rẹ̀. Bó bá wọ kíláàsì, kó tó kí ẹnikẹ́ni, yóò nu pátákó. Ohun yòówù tó bá bá níbẹ̀, pàǹtí tíṣà tó ṣíwájú ni. Bó bá kọ́ wọn tán, yóò tún nù ún, kó mọ́ tónítóní de ẹni tó ń bọ̀. "Tíṣà tí kò nu pátákó," ni ó máa ń wí, "ó jẹun tán, ó fi àwo sílẹ̀ fún ẹlòmíì fọ̀."

Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣí pátákó orí ayélujára, bí a ṣe ń kọ àlẹ̀mọ́, bí a ṣe ń yí i kúrò níhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú bírò pupa, ó sì ń fi nọ́ńbà sí i. Nígbà tí mo débi àmì tó ń pa gbogbo ohun tó wà lórí pátákó rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ tàn.

"Áà, dọ́sítà rèé!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Dọ́sítà ni."

Ẹ rántí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ní kíláàsì kẹrin yìí, ọmọbìnrin kan wà tí a mọ̀ sí Ọmọ Aránṣọ, nítorí ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní òdìkejì ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí a wọlé tí ọmọ náà fi yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́ lójú méjì. Dókítà eegun di ẹsẹ̀ náà láti itan dé kókósẹ̀, ó ní kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni wọ́n ń gbé. Kò sí ẹni tó lè máa gbé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sọ̀kalẹ̀ kó tún máa gbé e gòkè lójoojúmọ́.

Ilé ìwé wa sì ní òfin kan. Ọmọ tí kò bá wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí kò sì sí ẹ̀rí pé ó ń ṣe iṣẹ́ kíláàsì níbi tó wà, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀, wọn yóò fún ẹlòmíì ní àyè rẹ̀, nítorí àwọn tó ń dúró de àyè pọ̀ lọ jàra. Ọmọ náà yóò wá padà lọ́dún tó ń bọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ti lọ. Ọ̀gá-àgbà kì í ṣe òṣìkà. Ó ní bí ọmọ náà bá ń kọ̀wé sórí pátákó láti ilé, tí Bàbá Máàpù sì jẹ́rìí sí i ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹrin, òun yóò kà á sí ẹni tó wá.

Mo kọ líǹkì pátákó náà sórí bébà fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wá sí ilé ìwé, tó ṣì fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn. Mo ní, "Kó ṣáà ti tẹ èyí, yóò ṣí." Ọ̀rọ̀ orúkọ tí mo tẹnu mọ́ fún gbogbo ayé, n kò sọ ọ́ fún obìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn lọ́jọ́ tí mo kọ́ àwọn yòókù, èmi náà sì gbàgbé.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin, ní aago kan ọ̀sán, ìyá náà kanlẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí."

"Ẹ káàsán, mà. Ara ọmọ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń san. Inú ni ò san. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá ẹ ti pa pátákó yẹn tì."

"A ò pa á tì o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó."

"Hẹn-ẹn? Èmi ni mò ń mú fóònù lọ ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá dé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, á ti gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó bọ́ bàtà. Òfìfo ló máa ń bá. Ó ń kọ, ó ń kọ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tó kọ gan-an á ti pòórá. Lánàá mo na fóònù sí i, kò gbà á. Ó kọjú sógiri."

Nínú iṣẹ́ mi, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tó ń lò ó ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, n kì í sì í ṣì í púpọ̀. Mo gba fóònù náà kí n lè fi han obìnrin yìí pé ibòmíì ni ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀. Líǹkì mi gan-an ni. Pátákó kíláàsì kẹrin ló ṣí, ó funfun báláú.

"Ẹ jókòó, mà," ni mo wí.

Ojú ewé kan wà tó jẹ́ tèmi nìkan, níbi tí pátákó ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó lẹ nǹkan mọ́ ọn, ẹni tó yọ ọ́, àti aago tó ṣe é. Kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ inú àlẹ̀mọ́. N kì í wò ó, àfi bí ìjà bá dé. Mo ṣí i. Àlejò, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́: ó lẹ ọ̀kan. Tíṣà, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀: ó pa á rẹ́. Tíṣà, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìrọ̀lẹ́, Àlejò. Òwúrọ̀, Tíṣà. Mo ń wò ó lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń bá a lọ. Mo ka ti Àlejò. Mẹ́tàdínlógún ni.

Láràárọ̀, mo máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà fún Bàbá Máàpù àti kíláàsì rẹ̀, màá sì lọ tẹ ìwé fún ọ̀gá-àgbà, nítorí náà n kò sí níbẹ̀ rí. Bàbá wọlé, ó bá pàǹtí kan lórí pátákó, ó nù ún. Àwọn ọmọ dé, wọ́n kọ tiwọn, ó kọ́ wọn tán, ó tún nù ún de ẹni tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń nu pátákó lójú rẹ̀ láti jẹ́léósinmi, kí ni yóò yà á lẹ́nu?

Ojú tì mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà bó ṣe rí, n kò yọ ti dọ́sítà sílẹ̀. Ó ń yí téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Ọ̀tunla lọjọ́ Ẹtì," ló wí.

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ní kó ṣí i nírọ̀lẹ́ òní. Kó kọ orúkọ ẹ̀ kó tó kọ nǹkan míì. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi fóònù sílẹ̀ fún un nílé, kẹ́ ẹ wá."

Bàbá Máàpù wà ní yàrá àwọn tíṣà, ó ń máàkì. Kò rọrùn kéèyàn máa sọ àṣìṣe àgbà lójú àgbà, pàápàá bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àgbà náà ní àṣìṣe ọ̀hún.

"Sà, àlẹ̀mọ́ kan wà tí ẹ máa ń bá lórí pátákó láràárọ̀."

"Ti Ẹlẹ́fẹ̀? Mo ti fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tó ń gbá kíláàsì."

"Kì í ṣòun, sà. Ọmọ Aránṣọ ni."

Ó dé bírò rẹ̀, ó tún ṣí i.

"Èyí tó fẹsẹ̀ ṣẹ́?"

"Òun ni, sà. Láti ilé ló ti ń kọ̀wé sí wa."

"Mo wá ń nù ún."

"Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni mo ní dọ́sítà ni."

Mo retí kó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá-àgbà máa béèrè ohun tó kọ," ni ó wí. "Ṣé ẹ̀rọ yẹn lè kó o padà?"

"Kò lè kó o padà, sà. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i."

Ó dìde. "Mo máa ń kà á kí n tó nù ún. Tíṣà kì í nu ohun tí kò kà."

Ìka méjì ló fi ń tẹ̀wé. Ó jókòó sí kọ̀ǹpútà kejì láti ẹnu ọ̀nà, mo jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn àlẹ̀mọ́ náà jáde láti inú orí rẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n padà sórí pátákó. 'Ẹ káàárọ̀, sà. Ojú ewé wo la wà?' 'Mo ti ka ojú ewé kejìlélógójì, n kò rí ohun tó ń fa ìrì.' 'Ṣé odò tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ ló ń yára ni, àbí èyí tó lọ tààrà?'

"Ìbéèrè gidi nìyí," ó wí. "Mo rò pé Ẹlẹ́fẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé odò mi ti gùn jù."

Nígbà tó kan èyí tó sọ pé, 'Láti ojú fèrèsé wa, mo rí oríṣi àwọsánmà mẹ́ta lónìí', tí ọmọ náà sì to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì, ó dáwọ́ dúró.

"Ó yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn pé Ẹlẹ́fẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo tiẹ̀ fún un ní máàkì nínú ọkàn mi kí n tó nù ún."

Ó kọ èsì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó gba wákàtí méjì. Nígbà tó di mẹ́rìndínlógún, ó gbọ́wọ́ kúrò.

"Ó ku ọ̀kan, sà. Èyí tó kọ lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ nù láàárọ̀ àná."

"Mo ti gbàgbé ìyẹn," ni ó wí.

Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ó rántí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbàgbé ti àná. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, n kò lọ tẹ ìwé fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Máàpù sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún kíláàsì, kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ẹlẹ́fẹ̀ nawọ́ sókè.

"Sà, mo ṣáà ń sọ pé kì í ṣèmi."

"O sọ ọ́," ni bàbá wí.

Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbá ilẹ̀ yàrá náà fúnra rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, gbogbo kíláàsì ń wò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Ẹlẹ́fẹ̀ pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí pátákó. Àlẹ̀mọ́ tuntun kan ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, orúkọ Ọmọ Aránṣọ sì hàn gàdàgbà lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: 'Ẹ ṣé, sà. Mẹ́rìndínlógún ló wà níbí. Mẹ́tàdínlógún ni mo kọ.' Bàbá Máàpù kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwa mẹ́ta jókòó níwájú tábìlì ọ̀gá-àgbà: Bàbá Máàpù, ìyá ọmọ náà, àti èmi. Rẹ́jísítà kíláàsì kẹrin wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn tó ń dúró de àyè sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé àkọsílẹ̀ tí mo tẹ̀ jáde ka iwájú rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ kà á.

"Àlejò ló wà níbí," ó wí. "Mi ò rórúkọ ọmọ kankan."

"Òun náà ni, mà," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, ọmọ tó wà lókè ìwé yìí, ìyá ẹ̀ jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí láàárọ̀, ó ń bẹ̀ mí. Kí ni kí n sọ fún un? Pé àlejò kan ló gbàyè ọmọ ẹ̀? Ká ní mo fẹ́ bi ọmọ yín léèrè ohun tó kọ, ẹ ti tò ó sójú pátákó, kò sẹ́ni tí kò lè kà á."

"Ó ku ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ó sọ fún mi pé ó ku ọ̀kan."

Ọ̀gá-àgbà yíjú sí Bàbá Máàpù. "Ẹ rántí ẹ̀?"

"Mo rántí ẹ̀," ni bàbá wí.

Mo wò ó, kò wò mí.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ká a," ni ọ̀gá-àgbà wí.

Bàbá fi bírò pupa rẹ̀ kọ ọ́, ó ká bébà náà sí méjì, ó sì fi í sábẹ́ rẹ́jísítà. Ọ̀gá-àgbà fi fóònù orí tábìlì pe fóònù tí ìyá náà fi sílẹ̀ nílé, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Ohùn ọmọ náà tín-ín-rín.

"Káàárọ̀. Ṣé ara ń le? Àlẹ̀mọ́ ẹ tó kẹ́yìn, èyí tó o kọ lọ́jọ́ Ajé, kí lo kọ síbẹ̀?"

"Ṣé mo ṣe nǹkan tí ò dáa ni, mà?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Sọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́."

"Mo kọ ọ́ pé, 'Bí ẹ bá ti yọ orúkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí n yé dúró dè yín.'"

Ọ̀gá-àgbà ṣí bébà náà. Ó kà á, ó nà án sí mi. Bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀ ní pupa, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. N kò mọ ẹni tó yẹ kí n wò nínú yàrá yẹn. Ìyá ọmọ náà ti fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ ń gbọ́ mi, mà?" ni ọmọ náà wí.

Bàbá Máàpù tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Èmi ni. Tíṣà ẹ."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣọ̀rọ̀ eré. Ọwọ́ mi dúró. Aago mẹ́jọ ti fẹ́ lù, àwọn ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mo bá nù ún. Mo wá sọ fún Àǹtí pé mo ti gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Láti ọdún mẹ́sàn-án, n kò gbọ́ kí Bàbá Máàpù bẹ tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, ká má tíì wá sọ ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ kà á, sà?"

"Mo kà á."

"Gbogbo ẹ̀? Mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún?"

"Mi ò fo ọ̀kan."

"Mo rò pé kò sẹ́ni tó kà á," ni ọmọ náà wí, ni ẹkún bá gbà á.

Ìyá rẹ̀ dìde, ó wá dúró ti tábìlì, ó tẹ̀ ba lórí fóònù náà, ó ń wí pé, "Ó tó, ọmọ mi. Ó tó." Ọ̀gá-àgbà ti ìwé àwọn tó ń dúró de àyè sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa rẹ́jísítà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 'wà' sí iwájú orúkọ ọmọ náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kò wá, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò kánjú. A dúró tì í títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kún.